ALÁBẸ TÓ Ń WÁ ẸLẸ́GÙN-ÚN KIRI

*Àṣàrò Òwúrọ̀*
*Ẹ kà:* Hébérù 12:11-13. Ẹ fi Ésékíẹ́lì 34:1-16 kún un tí ààyè bá wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 láti ìdájí, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ọjà á tà o. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á báyìí. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ló ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é. Yóò wá alábẹ lọ, yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ sí i. Àmọ́ àgùntàn kò mọ òwe yìí rárá. Kí pátákò rẹ̀ máa jẹrà, kó máa tiro, tó bá rí ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ lókèèrè, á sá lọ tòun ti lákáǹláká rẹ̀. Alábẹ ló máa wá a kiri. Àgùntàn sì ni Olúwa máa ń pè wá.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé mo ń sin àgùntàn díẹ̀ lẹ́yìn ilé mi, lọ́nà Imọta, ní Ìkòròdú níbí. Wọn ò pọ̀. Abo mẹ́fà ni, àti àgbò kan. Àwọn kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ni o, tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń rìn kiri àdúgbò, kì í ṣe àwọn gíga tí wọ́n ń fi tírélà kó bọ̀ láti òkè Ọya tí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àgùntàn dáadáa lọ́jọ́ kan. Pátákò rẹ̀ là sí méjì, ó sì ń hù lójoojúmọ́ bí èékánná tiwa ṣe ń hù. Àgùntàn tó bá ń rìn lórí òkúta àti ilẹ̀ líle, ilẹ̀ yẹn ló máa ń bá a gé e. Bó ṣe ń hù ni yóò máa jẹ. Àmọ́ ìhà tiwa níbí, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà la wà. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù kẹfà, inú ọgbà ẹran ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹran tó wà lójú kan, tí wọ́n ń gbé èèpo gbágùúdá àti èèpo iṣu wá bá, tí kì í rí òkúta gbá, pátákò rẹ̀ á gùn, á wá ká wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Ibi tó ká yẹn á di àpò. Ẹrọ̀fọ̀ á kó sínú rẹ̀, ìgbẹ́ á kó sínú rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan òun á sọ ibẹ̀ di ilé, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí egbò kankan.

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ líle kọ́ ló ba ẹsẹ̀ àgùntàn mi jẹ́. Ilẹ̀ rírọ̀ ni. Àwa ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí Ọlọ́run mú ilẹ̀ rọ̀ fún wa, kò sì sí ohun tó burú nínú àdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ fún wa, tí ẹnikẹ́ni ò bi wá ní ìbéèrè, tí oúnjẹ ń wá bá wa níbi tá a jókòó sí, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń hù lára wa tí a ò ní mọ̀.

Abo kan wà nínú àwọn ẹran mi, dúdú ni, ó ní funfun níwájú orí. Nínú oṣù kẹfà mo rí i pé ó ń tiro. Mo ní, "Ó máa san." Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò san. Nígbà tó yá, orí orúnkún iwájú méjèèjì ló fi ń jẹun. Á kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa jẹ èèpo. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ó ń gbàdúrà ni. Ó rẹ́rìn-ín pa aládùúgbò mi kan, ó ní, "Ẹ ò rí i pé àgùntàn pásítọ̀ ti di aládùúrà!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹran náà ò lè dìde ni. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan rí. Mo sáré lé e, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó wọ́ mi nínú ẹrọ̀fọ̀, ṣòkòtò mi ya, àwọn ọmọ àdúgbò sì fi mí ṣe ẹ̀rín. Látìgbà náà, tí mo bá ti rí i tó ń tiro, ṣe ni mo máa ń wo ibòmíràn.

Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa ló gbà mí. Ó kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìkòròdú níbí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Pólì kó tó di yunifásítì ní ọdún 2022. Ó wá kí wa nílé, ó rí ẹran náà lórí ìkúnlẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, èyí ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má fún un lóúnjẹ kí n tó dé. Tí inú rẹ̀ bá kún, tá a bá mú un jókòó, kò ní rí èémí mí dáadáa." Ó tún béèrè bóyá ó lóyún. Ó ní èyí tí oyún rẹ̀ bá ti wúwo, a kì í dà á jókòó, ìdúró la ó so ó sí, ká máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò lóyún.

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sáré lé ẹran kankan. Ó fi èérí àgbàdo díẹ̀ tàn wọ́n wọ igun ọgbà, ó fi pátákó dí ẹnu ọ̀nà. Kò fa ìrù, kò fa irun. Ó fi ọwọ́ òsì gbá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìbàdí rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ká tó ṣẹ́jú, àgùntàn ti jókòó lórí ìdí bí ènìyàn, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ tirẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lókè.

Ó ké o! Ó ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa, ó ta, ó jà. Ọmọ náà ò gbá a, kò sì jáwọ́. Ó kàn tún un gbé jókòó dáadáa ni. Bẹ́ẹ̀ ló dákẹ́ lójijì, ó rọ orí rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní, "Kí lo ṣe fún un?"

Ó ní, "N ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ṣì ń kan ilẹ̀, á máa jà, torí ó rò pé òun ṣì lè sá. Ìgbà tí kò bá rí ibi fẹsẹ̀ tì mọ́, tó wá fara tì mí pátápátá, ìgbà yẹn ló máa ń dákẹ́."

Ó kọ́kọ́ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ẹrọ̀fọ̀ inú pátákò kúrò. Ó wá mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé igi òdòdó, ó ń gé ibi tó ti ká, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi bá àtẹ́lẹsẹ̀ dọ́gba. Mo ń wo ojú ẹran náà, kò mira. Ibi tó ti kú lára pátákò kì í dùn ún, bí ìgbà tí èèyàn ń gé èékánná ni. Nígbà tó gé e dé ibi kan tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dúró. Ó ní, "Ààlà rèé. Ẹni tó bá kọjá ibí yìí, ẹ̀jẹ̀ ló máa rí, ẹran náà ò sì ní gbà á gbọ́ mọ́ láéláé."

Nígbà tó dé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, òórùn kan jáde tí mo fi yí ojú sẹ́yìn. Èmi olówó ẹran yí ojú. Ọmọ náà ò yí ojú. Ó tẹ̀ síwájú dáadáa kó lè rí ibi tó bàjẹ́ dé.

Ó fi iodine sí i. Ó po zinc sulphate kílò kan mọ́ omi líta mẹ́wàá, ó ní kí gbogbo agbo dúró sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ká wá kó wọn lọ síbi gbígbẹ. Ó ní ká ya aláìsàn sọ́tọ̀, torí àrùn náà máa ń ran. Ó kó gbogbo ohun tó gé jọ, ó dáná sun ún. Ó ní tí a bá ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lóòrèkóòrè, kò ní tún dà báyìí.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹran náà fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń bá àwọn yòókù du èèpo. Ṣé ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín? Tó bá rí ọmọbìnrin yẹn títí dòní, ṣe ló máa ń sá. Kò tíì mọ̀ pé òun ló wo òun sàn.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ó nira fún mi láti kọ ọ́, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí mo pa á rẹ́.

Bàbá wa fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wa la mọ bí owó ilẹ̀ ṣe gbéra lọ́hùn-ún láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dé sí Ibẹju-Lekki. Mo ta púlọ́ọ̀tì kan, n ò sọ fún un. Mo ní èmi ni àgbà, mo ní màá sọ fún un tó bá yá. Ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rin la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Owó ilẹ̀ yẹn ni mo fi gbẹ́ kànga, òun náà ni mo fi kọ́ ọgbà tí àwọn àgùntàn yìí wà. Ilẹ̀ rọ̀ fún mi.

Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, àgbà ìjọ kan tí mo jù lọ́jọ́ orí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Kò sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Owó àbúrò yín wà lọ́wọ́ yín." Ara mi gbóná. Mo ní ta ló fi í ṣe onídàájọ́ mi. Mo kúrò ní ìsìn àkọ́kọ́, mo ń lọ sí ìsìn kejì, kí n má bàa rí ojú rẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn, mo ń kọ àṣàrò ránṣẹ́ sí yín láràárọ̀, ẹ̀yin náà sì ń dá mi lóhùn pé "Àmín, Bàbá." Ẹ rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹ rò pé mo ń gbàdúrà ni.

Ọjọ́ tí mo wo ẹran yẹn tó dákẹ́ sára ọmọbìnrin náà ni mo mọ̀ pé èmi kò tíì dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi kan ṣì ń kan ilẹ̀. Mo ṣì ń rí àwíjàre fẹsẹ̀ tì: èmi ni àgbà, èmi ni mo sin Bàbá, òun náà ti ṣẹ̀ mí rí. Ọwọ́ tó dì mí mú, mo pè é ní ọ̀tá.

Ẹ padà sí Bíbélì wa. Nínú Hébérù orí kejìlá, ẹni tó kọ ìwé náà gbà pé ìbáwí kì í dùn nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, àlàáfíà tó ń so ẹ̀yìn ọ̀la ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ̀rọ̀ kan ẹsẹ̀: ká ṣe ọ̀nà tó tọ́ fún ẹsẹ̀ wa, kí èyí tó yarọ má bàa yẹ̀ kúrò lóríkèé, kó lè rí ìwòsàn. Ìwòsàn ni ìbáwí Ọlọ́run ń wá. Nínú Ésékíẹ́lì orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n, Olúwa bá àwọn olùṣọ́-àgùntàn wí, torí wọ́n jẹ ọ̀rá agbo, wọ́n fi irun rẹ̀ ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n wọn ò wo aláìsàn sàn, wọn ò di èyí tó ṣẹ́. Ó wá ní Òun fúnra Òun yóò wá wọn lọ. Nínú Jòhánù orí kẹtàlá, Jésù Olúwa wa kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ó di ẹsẹ̀ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Pétérù kọ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ Jésù ò yí ojú kúrò níbi ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ó sì fọ ti Júdásì náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ méjì sí i. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ìrora ni abẹ Ọlọ́run. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹni tí omíyalé gba ilé rẹ̀, ẹ má lọ dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ ní Ọlọ́run ń gé pátákò rẹ̀. Ẹ lọ bá a sunkún, ẹ gbé oúnjẹ dání.

Èkejì, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti bá ẹlòmíràn wí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àwa pásítọ̀, ẹ mọ ààlà. Ohun tó ti kú ni ká gé. Ẹ má fa ènìyàn nírun láàárín ọjà, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí gúrúùpù WhatsApp kí gbogbo ayé wá bá yín wò ó. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Àgbà ìjọ yẹn ní kí n dárí ji òun kó tó sọ̀rọ̀. N ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ náà. Òun ni mo ń gbọ́ báyìí.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe parí? Kò tíì parí. Mo gba ọ̀nà Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo mú ohun tó wà lọ́wọ́ mi dání. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò gbá mi mọ́ra. Ó gba owó náà, ó kà á lójú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku ìdajì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kó bu ìkọ́kọrẹ́ wá fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo ti padà sí ìsìn àkọ́kọ́, ìdajì owó tó kù sì wà lọ́rùn mi. Mo ṣì ń tiro díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀.

Ìwọ arákùnrin mi, ìwọ arábìnrin mi, ta lò ń yà fún lọ́nà? Ta ló sọ òótọ́ fún ọ tó o fi yí ìsìn padà, tó o fi yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú fóònù rẹ? Ó lè jẹ́ òun ni Olúwa rán láti wá ọ kiri.

*Iṣẹ́ òní:* Kí ilẹ̀ tó ṣú, pe ẹni yẹn. Tí kò bá gbé e, tún un pè lọ́la.

*Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:*
Olúwa, Olùṣọ́ mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò dúró dìgbà tí mo bá tọ̀ yín wá. Ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ fún mi tí ẹsẹ̀ mi fi ń jẹrà, ẹ fi hàn mí. Gbogbo àwíjàre tí mo ń fẹsẹ̀ tì, ẹ gbé mi kúrò lórí rẹ̀, kí n lè fara tì yín. Ẹ gé èyí tó ti kú, kẹ́ ẹ sì dá èyí tó wà láàyè sí. Ẹ fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti san ohun tí mo jẹ. Ẹni tí mo bá fẹ́ bá wí lónìí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ ààlà. Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ẹ kú iṣẹ́ òní o. Tó bá ran yín lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Àmọ́ ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ rò pé òun ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá wa wí ná. Ó dàárọ̀ ọ̀la, tí Olúwa bá fẹ́.